Má Tíì Sọ Títí Lórúkọ

Ìkìrun,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bẹ̀ kí n tó rí kẹ́,

Mo mọ̀ pé bó o bá ti rí bí àpò ìwé yìí ṣe wú tó, wàá ní, "Mọ́mì tún ti dé." Mo tún ti dé náà nìyẹn. Jókòó kà á. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù torí lórí fóònù, ẹ̀rín lo máa ń fi dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Mi ò sì fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Mi ò mọ ẹni tó máa jókòó tì ọ́ nígbà tó o bá ń gbọ́ ọ, èmi kì í sì í sọ̀rọ̀ síbi tí mi ò ti rí ojú ẹni tó ń gbọ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ tó o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí inú rẹ ń dùn? O ní ìyá ọkọ rẹ l'Ókukù ti sọ fún ọ pé bí wọ́n bá mú ọ wọlé lẹ́yìn ìgbéyàwó, kó o ti múra orúkọ tí wàá máa pe àwọn ọmọ ilé sílẹ̀. Nílé tiwọn, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ní orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń rá, bó bá ti lè bá a nílé, ọkọ ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi ní Ìnísà náà. O wá ń ka orúkọ fún mi. Àbúrò ọkọ rẹ tó ga, Agùntáṣọọ́lò. Èyí tó dúdú tó ń dán, Adúmáadán. Èyí tí eyín ẹ̀ mọ́ tónítóní, Eyínfúnjowó. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ní, "Ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó wá ku àbíkẹ́yìn wọn, Títílayọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. O ní, "Títí yẹn tó dojú kọ ògiri lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, tí kò bá mi jẹun, tí kò bá mi ya fọ́tò? Afajúro ni tiẹ̀!" O rẹ́rìn-ín títí o fi wúkọ́. O ní ọkọ rẹ náà rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní mò ń bọ̀, oníbàárà dé. Irọ́ ni mo pa. Kò sí oníbàárà kankan ní ṣọ́ọ̀bù.

Àbẹ̀kẹ́, má tíì sọ ọmọ yẹn lórúkọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú bírò. Gbogbo ohun yòókù tí màá sọ nínú lẹ́tà yìí, ẹ̀ka ara ẹ̀ ni.

Ìwé mi ò jìnnà, o mọ̀. Ìwọ ni tíṣà, ìwọ ni wọ́n fún níṣẹ́ Yorùbá ní ilé-ìwé Òkukù. Ṣùgbọ́n nígbà tó o ń múra ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi lo máa ń fi ṣe kíláàsì. Wàá dúró síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wàá ní, "Màmá, ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ ni èyí, ọ̀rọ̀ ìṣe ni èyí, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni èyí." O rò pé mi ò gbọ́, torí mò ń wa ẹ̀rọ. Mo ń gbọ́. Mo ń gbọ́, mo sì ń fura. Ohun tí mo rò sínú nígbà yẹn ni màá dá padà fún ọ báyìí.

Èkíní, máa fura sí ìṣe tó bá ti di orúkọ.

O kọ́ mi pé "jó", bí iná ṣe ń jó aṣọ, jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó jó, tàbí ẹnì kan tó jó o. Ṣùgbọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó o pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó di jíjó. Orúkọ ti dé nìyẹn, ó ti lè dá dúró láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lọ, ìlọ, àlọ, lílọ. Bàjẹ́, ìbàjẹ́, bíbàjẹ́. Ó rí bí aṣọ tí wọ́n bọ́, tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Aṣọ wà níbẹ̀ o, ẹni tó wọ̀ ọ́ ti sá lọ.

Sẹ́kínà ọmọ iṣẹ́ mi ló là mí lójú sí i. Mo ti ọ̀nà dé lọ́jọ́ kan, mo bá ojú áyọ́ọ̀nù gbàràgàdà lẹ́yìn yúnífọ́ọ̀mù oníyúnífọ́ọ̀mù.

"Sẹ́kínà, kí nìyí?"

"Jíjóná ló dé bá a, Ìyá."

"Jíjóná wo? Ta ló jó o?"

"Áyọ́ọ̀nù ni."

"Áyọ́ọ̀nù dìde fúnra ẹ̀, ó rìn dé orí tábìlì?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ni, Ìyá, iná ọ̀hún wá pọ̀ jù."

"Ó wá kan àwọn tó mú iná dé. Sẹ́kínà! Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ yìí?"

Ó wolẹ̀, ó wòkè. "Èmi náà wà níbẹ̀, Ìyá."

Èmi náà wà níbẹ̀! Bí ẹni pé ó wá wòran. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbọ́ "ìbàjẹ́ wà", "àṣìṣe wà", "ìdádúró díẹ̀ wà", etí mi á nà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sá gba ẹ̀yìnkùlé.

O rántí àbúrò bàbá ọkọ rẹ, bí wọ́n ṣe dìde ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ tí wọ́n na fìlà sẹ́yìn? "Ìtọ́jú yóò wà. Ìfẹ́ yóò wà. Àlàáfíà yóò wà." Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ta ló máa tọ́jú ẹ̀?" Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Ọkọ rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní, "Èmi ni, Mà. Èmi ni màá tọ́jú ẹ̀." Gbólóhùn yẹn ni mo gbé ọ lé lọ́wọ́, kì í ṣe ìtọ́jú tó kàn wà. Má sọ fún un o, kó má lọ máa gbéra ga.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "àìgbọ́ràn ti pọ̀ jù nínú ilé yìí", fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé ta ló sọ̀rọ̀, ta ni kò gbọ́, kí ni wọ́n sọ. Ìwọ náà, bó o bá fọ́ àwo, sọ pé, "Mo fọ́ àwo." Má jẹ́ kí àwo fọ́ ara ẹ̀.

Èkejì, àpèjúwe. O ní àwọn ìwé tuntun ń pè é ní ẹ̀yán. Ẹ pè é bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣe tó ti jókòó ni. Ilé náà ga: ó ṣì dúró níwájú mi, ó ń ga. Ilé gíga: ó ti ga tán, ó ti fẹ̀yìn ti. Ata pọ́n, ó di pupa. Gíga yẹn kan náà sì lè dìde lórí ìjókòó ẹ̀, kó tún di orúkọ, ká ní gíga ilé náà bà wá lẹ́rù. Èmi ò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Aránṣọ ni mí. Aṣọ tí mo fi rán búbà, mo lè tú u kí n fi rán ṣòkòtò ọmọdé. Wọn èèyàn kó o tó gé aṣọ, ẹjọ́ tèmi ò ju ìyẹn lọ.

Bí wọ́n bá ti ń pè ọ́ ní "ìyàwó dáadáa" kó o tó bu omi fún ẹnì kankan mu, dákun, fura. Aṣọ tí wọ́n rán láì wọn ọ́ ni. Bó bá wá fún ọ lápá, apá rẹ ni wọ́n máa ní kó o gé. Nígbà tí mo dé ilé bàbá rẹ níbí ní Ìkìrun, kí n tó tú ẹrù tán ni ìyá bàbá rẹ ti ń pè mí ní "ìyàwó onísùúrù". Ó dùn mọ́ mi! Mo gbé e wọ̀. Àbúrò bàbá rẹ kan wá ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ síbi tó wù ú, ó fi ń rán tápólì ọkọ̀, ó kán abẹ́rẹ́, ó kán ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Mi ò sọ̀rọ̀. Onísùúrù ni mí. Ẹ̀rọ yẹn kú, mo ṣì ń ṣe onísùúrù lórí òkú ẹ̀.

Má gbàgbé pé orúkọ náà máa ń ṣe iṣẹ́ àpèjúwe. Ilé bíríkì. Aṣọ ìyàwó. Wọ́n máa ní "obìnrin Ìkìrun". Lọ́jọ́ tó o bá gbàgbé láti kí ẹnì kan lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ wo obìnrin Ìkìrun." Odidi ìlú ni wọ́n fi so mọ́ ọ nídìí bí ìrù. Ìwọ náà á sì fẹ́ máa ní "àwọn ará Òkukù yìí". Má ṣe é. Ẹnì kan ló ṣe nǹkan sí ọ. Ìlú ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ni mo ti ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì pé mò ń lọ wo iná ìdáná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo wà ní Fọ́ọ̀mù Tuu, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ìyàwó nílé wa ní Ìnísà. O mọ ìyàwó náà. Ìyá Táíwò ni, tó máa ń ki ẹ̀pà bọ̀ ọ́ lápò bó o bá bá mi lọ sílé. Ọmọ tó máa ń roro sínú ni mí nígbà yẹn. Mo máa ń kọ ìbínú mi sẹ́yìn ìwé ìṣirò, màá sì ya á dànù kí tíṣà tó rí i. Inú mi kì í pẹ́ bàjẹ́, kì í sì í pẹ́ dùn, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ̀rọ̀ o! Ẹnu mi dá múṣémúṣé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó wọlé, àwọn ọmọ ilé yí i ká, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò sọ nǹkan kan. Ṣé o mọ ohun tó ṣe mí? Eyín ló ń dùn mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, mi ò lè la ẹnu. Ìyàwó wá ń sọ wá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìdílẹ̀kẹ̀, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wò mí, ó ní, "Ọkọ mi yìí, Adákẹ́ ni màá máa pè é." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, agbo ilé ti gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Kò pẹ́ tí eyín fi san. Orúkọ ò san.

Ìwọ tíṣà, wò ó bóyá irọ́ ni mo ń pa. Ìṣe máa ń ní ìgbà. Mo dákẹ́ lánàá. Mò ń dákẹ́ lọ́wọ́. Màá dákẹ́ lọ́la. O lè bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló máa parí. Fi "a" kan ṣoṣo síwájú ẹ̀, ó di Adákẹ́, àná ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ọ̀la ti kúrò níbẹ̀. Adákẹ́ ni lówùúrọ̀, Adákẹ́ ni lálẹ́, bó bá tiẹ̀ ń pariwo. Ó rọrùn láti fi "a" yẹn síbẹ̀, ìyàwó kan péré ló fi í. Wá lọ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu agbo ilé, kí n wò ó.

Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, wọ́n á ní, "Ẹ bi Adákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ ló mọ ohun tó jẹ." Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Háà, Adákẹ́ fọhùn! Ẹ sáré ká aṣọ, òjò ń bọ̀!" Ó wá sú mi. Mo dákẹ́ ní tòótọ́.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tíṣà ni, níbí ní Ìkìrun, wọ́n wá sílé ní ọdún Àjíǹde kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọmọ kan lọ́dọ̀ bàbá mi, kó máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kí àwọn rán an lọ sílé-ìwé títí dé ibi tó bá lè dé. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá tẹ̀ lé mi?"

Kí n tó mí, ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á lẹ́nu mi. "Adákẹ́ kẹ̀? Ta ló máa bá yín sọ̀rọ̀ nílé, ògiri?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ilé gbogbo. Àǹtí tún bi mí. "Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ lọ?"

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. "Ẹ mú mi lọ." Kò jù bẹ́ẹ̀. Ó gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó tún padà sísàlẹ̀. Mò ń rò ó pé bí mo bá la ẹnu báyìí, wọ́n á tún ní òjò ń bọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Àǹtí dúró díẹ̀ sí i, wọ́n yíjú sí àbúrò mi. Òun ló bá wọn lọ. Òun náà lò ń pè ní Àǹtí Ọ̀gá, tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, bàbá mi ní kò sówó fún gbogbo wa, kí n lọ kọ́ ìránṣọ. Mi ò ní iṣẹ́ ìránṣọ ò dáa. Òun ló sanwó kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìwé mi ò fi jìnnà nìyẹn, tó o máa ń bi mí tí mo máa ń ní "owó ni". Kì í ṣe owó nìkan.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ẹni tó ń fura. Mo fura sí ọ̀rọ̀ dídùn, mo fura sí àwàdà, mo fura sí Ìyá Táíwò jù lọ. Lójú mi, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó rí i pé èmi ni ẹnu mi dá jù nínú ilé yẹn, ó tètè dí i kó tó ráyè jókòó. Bí mo bá ti ń jẹ ẹ̀pà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rò ó.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tó o pè mí, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọkọ̀ lọ sí Ìnísà. Mo bá a ní ẹ̀yìn ilé, ó ń pa ẹ̀pà.

"Ọkọ mi, Adákẹ́! Ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé kò sí?"

"Ìyá Táíwò, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ mí ní Adákẹ́?"

Ó gbójú sókè. "Ní àárọ̀ yìí? Ẹ ò tíì jókòó, ọkọ mi."

"Mi ò jókòó."

"Ẹ jẹ́ n bu omi fún yín ná."

"Omi kọ́ ni mo wá mu."

Ó rí i pé ojú mi le. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí ìró ẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, gbogbo ọmọ ilé yìí ló bú mi lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan ní imú mi fẹ̀. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mi rí bí igi ìgbálẹ̀. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé lèmi náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé ìyá mi sílẹ̀ ni. Ẹkún ń bẹ lójú mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tẹ́ ò sọ ọ̀kan. Mo ní, ó dáa, ẹnì kan wà tó fẹ́ràn mi nínú ilé yìí. Orúkọ yẹn, mo fi yìn yín ni."

"Eyín ló ń dùn mí."

"Hẹ̀n?"

"Lọ́jọ́ yẹn. Eyín ló ń dùn mí. Ká ní mo lè la ẹnu ni, ti imú yẹn, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́."

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Eyín!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Ó wá rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó dáwọ́ dúró. "Ṣé ó dùn yín ni, orúkọ yẹn?"

"Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe bá Àǹtí lọ sílé-ìwé."

"Ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí."

"Ṣé Adákẹ́ lẹ pè mí."

A jọ jókòó, a jọ pa ẹ̀pà yẹn tán.

Ṣé mo gbà á gbọ́? Mi ò mọ̀. Àgbàlagbà mọ bí a ṣe ń lọ aṣọ àná kí rírún ẹ̀ má hàn. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni, ó lè jẹ́ pé ojú mi ló rí tó fi tètè wá àlàyé yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó síbẹ̀, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyí: ká ní òótọ́ tiẹ̀ ni. Ká ní ìyìn ni. Ìyìn ọ̀hún àti èébú, ọ̀gbun kan náà ni wọ́n máa tì mí sí. Ìwọ ò kórìíra Títí, mo mọ̀. Ẹ̀rín lo fẹ́ rín. Ìyá Táíwò náà ò kórìíra mi.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gba ọ̀nà Ìkìrun. Mo gun ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ sí Òkukù. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ìyá ìyàwó máa yọ́ yọjú sílé àna kí ọjọ́ tó pé. Bínú sí mi bó o bá fẹ́. Ìfura loògùn àgbà, àjà tí kò fura ló ń jìn. Téèpù kì í kúrò nínú báàgì mi, màá kàn ní mo wá wọn ìyá ọkọ rẹ fún aṣọ.

Wọn ò sí nílé, wọ́n lọ sóko. Ọkùnrin kan ló wà ní yàrá ìkángun, ó ń kùn ún lọ́dà. Yàrá tìrẹ ni, ìwọ àti ọkọ rẹ. Wọ́n ń ṣe é dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ẹní kan, báàgì ilé-ìwé kan, àti abọ́ oníke ńlá kan tí wọ́n kó aṣọ àti ìwé sí. Títí jókòó sórí ẹní, ó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ó rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ta ló ni ẹrù yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Kí ló ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Yàrá mi ni wọ́n ń kùn yẹn, Mà. Ó ti di ti ìyàwó."

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún ẹ?"

"Lọ́jọ́ tá a wá sílé yín, Mà. Láàárọ̀, ká tó wọkọ̀."

Ṣé o gbọ́ ọ? Láàárọ̀, kí wọ́n tó wọkọ̀. Ó gbọ́ pé kò ní yàrá mọ́, wọ́n wọ aṣọ fún un, wọ́n gbé e wá síwájú ẹni tó gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó máa rẹ́rìn-ín fún fọ́tò. Ó fajú ro. Ìṣe ni. Ó ní ọjọ́, ó sì ní ìdí. Ìwọ wá fẹ́ bọ́ ọjọ́ kúrò lára ẹ̀, kó o bọ́ ìdí kúrò lára ẹ̀, kó o fi "a" kan dípò méjèèjì, kó o gbé e fún un pé kó máa gbé e kiri títí táá fi ní ọmọ tiẹ̀. Bàbá àti ìyá ẹ̀ sì sọ ọ́ ní Títílayọ̀.

Agùntáṣọọ́lò ò ṣe nǹkan. Bó bá jí lọ́la, ó ṣì máa ga. Adúmáadán ṣì máa dú, á sì máa dán. Ohun tí o rí lára wọn lójoojúmọ́ ni. Ti Títí, ohun tó ṣe lọ́jọ́ kan ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ò tíì wo ilé.

Ronú sí orúkọ tìrẹ náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ pé ìṣe méjì ló wà nínú ẹ̀, èmi ni mo sì gbé méjèèjì rù. Èmi ni mo bẹ̀, èmi ni mò ń kẹ́. O kàn ń jẹ́ ẹ ni, iṣẹ́ inú ẹ̀ wà lọ́rùn èmi. Ṣùgbọ́n Afajúro, iṣẹ́ inú ẹ̀, ọmọ yẹn nìkan ló máa ṣe é. Bó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òjò ń bọ̀.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Bí wọ́n bá kó wọn síwájú rẹ, sọ orúkọ àwọn yòókù. Bó bá kan Títí, pè é ní "Ọkọ mi". Bí wọ́n bá ń rọ̀ ọ́ pé èwo ni tiẹ̀, sọ pé o ṣì ń wá èyí tó máa bá a mu, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọjá. Fara balẹ̀. Bá a gbé. Wo ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ tí inú ẹ̀ dùn sí, kó o tó fi nǹkan síwájú ẹ̀. Kó o sì bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ yàrá yẹn kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná tí wọ́n kó àpò àgbàdo sí, mo rí i. Má jẹ́ kó sọ fún ọ pé "ètò máa wà". Bi í pé ta ló máa kó àgbàdo kúrò.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ fi pamọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún bàbá rẹ pàápàá.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọmọ náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Mà, wọ́n ní ìyàwó ti ní orúkọ fún gbogbo wa. Bọ̀dá mọ tèmi. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ fún mi." Ó ń fi ìka ká etí ìwé ẹ̀ sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́ padà. "Kí ni wọ́n máa máa pè mí?"

Àbẹ̀kẹ́, mo dákẹ́.

Arúgbó bí èmi, tí mo bá àna jà ní pálọ̀, tí mo lọ ká Ìyá Táíwò mọ́ ẹ̀yìn ilé, mo wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun, ó padà sísàlẹ̀. Mo fọwọ́ kan orí ọmọ yẹn, mo wá ọ̀kadà lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró síbẹ̀, ó ń retí kí n dáhùn.

Mo ti dákẹ́ lé e lórí. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọ dé ẹnu ọ̀nà yẹn, wá a lójú láàárín wọn. Bó bá tún dojú kọ ògiri, lọ bá a níbẹ̀. Má sọ ọ́ lórúkọ. Bi í pé kí ló ń dùn ún.

Ìyá rẹ,
tí kò dákẹ́ lónìí.